Láti Inú Àpò Dé Inú Ìgò: Ọ̀rọ̀ Òrí àti Àwọn Tó Ń Ṣe É

  

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ewé tó ń wo ibà tàbí ti egbò tó ń wo inú rírun. Ọ̀rọ̀ ọjà ni. Ṣùgbọ́n ó kan ewé àti egbò, ó kan ohun tí ẹ ń fi pa ara ọmọ yín lẹ́yìn ìwẹ̀, ó sì kan ohun tí ẹ ń gbé síwájú Ọbàtálá. Òrí ni mo ń sọ.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó kóró òrí tútù jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè náà fún oṣù mẹ́fà. Igbákejì Ààrẹ, Kashim Shettima, ló kéde rẹ̀. Ó ní nínú gbogbo kóró òrí tó wà láyé, ó tó bí 40 nínú 100 tó ń ti Nàìjíríà wá, ṣùgbọ́n nínú ọjà òrí àgbáyé tí wọ́n díye lé ní bílíọ̀nù 6.5 owó dọ́là, ẹyọ 1 nínú 100 péré ni Nàìjíríà ń rí mú. Burkina Faso ti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 2024. Nígbà tí ìròyìn náà dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, ṣe ni àwọn kan pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́, wọ́n ní òyìnbó ti jẹ wá tó, wọ́n ní láti ìsinsìnyí lọ ìgò ni a ó máa tà, a kò ní ta àpò mọ́.

Èmi kò bá wọn jó, n kò sì bá wọn sunkún. Mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń lépa dára. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí a máa sọ ọ́ bí ẹni pé láti inú àpò dé inú ìgò kò jù kí ènìyàn gbé ẹsẹ̀ kan sọdá gọ́tà. Ọ̀nà jíjìn ni. Bí a kò bá sọ bí ó ti jìn tó, àwọn tó máa ṣubú lójú ọ̀nà ni àwọn ìyá tó ń ṣa kóró, àti àwọn ọmọ wa tó fẹ́ fi owó ìfẹ̀yìntì wọn dá ilé-iṣẹ́ ìpara sílẹ̀ ní Peckham.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí kóró yẹn ń lọ. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ìpara ni wọ́n ń fi í ṣe. Rárá o. Èyí tó pọ̀ jùlọ nínú rẹ̀, ẹnu ni ó ń bá lọ. Nínú ṣokoléètì ni ó wà. Òfin Yúróòpù tó jáde ní ọdún 2000 gbà pé kí onílé-iṣẹ́ ṣokoléètì lo ọ̀rá igi mìíràn dípò ọ̀rá kòkó títí dé 5 nínú 100, oríṣi ọ̀rá mẹ́fà ni òfin náà sì dárúkọ, òrí wà nínú wọn. Bìrìtìkó tilẹ̀ ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí òfin yẹn tó jáde. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ kì í lo òrí mọ́ láti ìgbà tí ẹ ti dé ìlú òyìnbó, ẹ ń jẹ ẹ́, ẹ kò mọ̀ ni.

Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ilé-iṣẹ́ ńlá bíi AAK, tí ó ní ilé ìṣe ní Aarhus ní Denmark àti ní Karlshamn ní Sweden, kì í po òrí bí ìyá àgbà ti ń pò ó. Kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní hexane ni irú àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń lò láti fa ọ̀rá inú kóró yọ títí tí kò fi ní ku nǹkan kan. Wọ́n á wá fọ̀ ọ́, wọ́n á yọ àwọ̀ rẹ̀, wọ́n á yọ òórùn rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á pín in sí méjì: èyí tó le àti èyí tó ṣàn. Èyí tó le ni onísokoléètì ń wá, nítorí pé ó máa ń ṣe bí ọ̀rá kòkó lẹ́nu. Irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ òrí tí a ti pò. Kóró ni ó fẹ́, nítorí pé ẹ̀rọ tirẹ̀ ni ó gbẹ́kẹ̀ lé, kò gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Ibí yìí ni ohun tí àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ kò rò wà. Bí ìyá kan ní Ṣakí bá dẹ́kun kóró títà, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta òrí, kì í ṣe pé ó gbé ọjà tó sàn jù lọ bá oníbàárà rẹ̀ àtijọ́. Oníbàárà àtijọ́ ti lọ nìyẹn. Ó ní láti wá oníbàárà tuntun tí kò mọ̀ ọ́n rí, tó ń gbé ní ìlú tí kò dé rí, tó ń béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ẹni tó ń ta kóró, òṣùwọ̀n nìkan ni ó ń bá jà. Ẹni tó ń ta ìgò, ojú, imú, ìwé àti òfin ni ó ń bá jà.

Èyí kì í ṣe ohun tuntun láàárín àwa àti wọn. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ epo. William Lever bẹ̀rẹ̀ ọṣẹ Sunlight ní 1885, ó kọ́ ìlú odindi fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ létí Liverpool, epo láti ilẹ̀ wa sì wà lára ohun tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ń rà. Epo á lọ nínú àgbá, ọṣẹ á padà nínú páálí. Ní 1923 ni wọ́n tó dá ilé-iṣẹ́ ọṣẹ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, àwọn náà ni wọ́n sì dá a sílẹ̀, kì í ṣe àwa. Ẹ rántí asofẹ́yẹjẹ pẹ̀lú. Gbogbo ọmọ onísẹ̀gùn ló mọ ohun tí àwọn bàbá wa ń fi egbò rẹ̀ ṣe fún ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ní 1952, àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Ciba ní Switzerland yọ ohun tí wọ́n pè ní reserpine jáde nínú egbò ìbátan rẹ̀ tó ń hù ní Íńdíà, ó di oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru káàkiri ayé. Nígbà tó yá, asofẹ́yẹjẹ ti ilẹ̀ Áfíríkà di ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ti ń rí i. Báwo ni egbò yẹn ṣe ń jáde kúrò nílẹ̀ wa? Nínú àpò ni.

Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé mo ń gbèjà àpò. N kò gbèjà àpò. Ṣùgbọ́n ohun tó ń dè wá mọ́ àpò kì í ṣe ìkà òyìnbó nìkan.

Ohun àkọ́kọ́ tó ń dè wá mọ́ ọn ni ìgbà òjò. Àsìkò tí èso òrí ń já bọ́ ni àsìkò tí oúnjẹ wọ́n nínú ilé, iṣu tuntun kò tíì délẹ̀, àgbàdo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Ìyá tó jí ní òru láti lọ ṣa èso nínú igbó Kíṣí tàbí Ìgbòho, owó ni ó ń wá kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ó bá fẹ́ pò ó di òrí, ó ní láti se é, kí ó sá a, kí ó fọ́ ọ, kí ó tún sá kóró inú rẹ̀, kí ó yan án, kí ó lọ̀ ọ́, kí ó fi omi pò ó títí apá á fi fẹ́ẹ̀ já, kí ó sè é, kí ó rẹ́ òrí orí rẹ̀ sọ́tọ̀. Igi ìdáná kò kéré, omi kò kéré. Bíi kìlò 3 kóró gbígbẹ ni yóò fún un ní kìlò 1 òrí. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ó ní láti dúró de ẹni tó máa rà á. Ẹni tó ń ra kóró kò jẹ́ kó dúró. Owó á ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà mìíràn ó á tilẹ̀ ti yá obìnrin náà lówó ṣáájú àkókò. Ta ni nínú wa tí ebi ń pa ọmọ rẹ̀ tí yóò kọ owó ọwọ́ nítorí owó oṣù mẹ́ta sí i?

Ìdí nìyí tí n kò fi bá àwọn oníjó jó ní oṣù kẹjọ. Bí wọ́n ti kéde òfin náà, ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti ọjà pé owó kóró ti já lulẹ̀, nítorí pé àwọn tó ń rà á fún òkè òkun ṣíwọ́ lójijì. Ìjọba fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà nílé láti fọ́ kóró kò ṣiṣẹ́ ju nǹkan bí ìdajì agbára wọn lọ. Ẹ ti ilẹ̀kùn òde kí ẹ tó ṣí ti inú, ta ló wà láàárín ilẹ̀kùn méjèèjì? Ìyá tó jí ní òru yẹn ni.

Ohun kejì wà lọ́wọ́ wa fúnra wa, àwa tí a ń ṣe é, òun sì ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí pé iṣẹ́ mi nìyẹn. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi sin ọ̀gá mi. Kì í ṣe ìwé ni ó fi kọ́ mi. Imú ni ó fi kọ́ mi, àti ahọ́n, àti ìka ọwọ́. Bí òrí bá ti kan, n ó mọ̀ kí wọ́n tó ṣí i tán. Bí wọ́n bá yan kóró kọjá, òórùn èéfín á wà nínú rẹ̀. Bí kóró bá pẹ́ nínú ọ̀rinrin kí wọ́n tó sá a, òrí rẹ̀ á tètè kan, á sì máa ta ènìyàn lọ́fun. Ọmọ iṣẹ́ tó bá mọ èyí, ó mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n oníbàárà tó wà ní Leeds kò mọ imú mi. Ìwé ló ń béèrè: mélòó ni ìwọ̀n ìkan tó wà nínú òrí yìí? Omi mélòó ló wà nínú rẹ̀? Ṣé èéfín tí wọ́n fi gbẹ kóró kò fi ìdọ̀tí tó lè fa àrùn jẹjẹrẹ sílẹ̀ nínú rẹ̀? Ṣé ìhuhu kò mú un? Ó sì fẹ́ kí ìdáhùn oṣù yìí bá ti oṣù tó kọjá mu.

Kí ó bá a mu. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló ti pa ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́. Ẹ wo ọṣẹ dúdú. Eérú èèpo kòkó kan kò rí bí eérú èèpo kòkó mìíràn. Èyí tí òjò pa yàtọ̀, èyí tí wọ́n fi èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún yàtọ̀, omi tí wọ́n fi jò ó yàtọ̀. Ọ̀gá ọlọ́ṣẹ á fi ojú wò ó, á dín àdín kù tàbí á fi kún un, ọṣẹ á sì dì. (Ẹ̀yin ọmọ Èṣù, mo mọ̀ pé ẹ máa ń béèrè òróró tí a fi se é kí ẹ tó rà á, ẹ kú ìṣọ́ra.) Nílé, bí ọṣẹ bá rọ̀ díẹ̀ lóṣù yìí, ìyá ọlọ́jà á ní ọ̀rinrin ni, a ó gbà á bẹ́ẹ̀. Níhìn-ín, ilé ìtajà kan tí n kò ní dárúkọ gba ọṣẹ lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ mi kan, ó kó o sórí àtẹ, nígbà tó di oṣù kẹrin ó dá ìdajì rẹ̀ padà pé kò le bí ti àkọ́kọ́, owó ìdajì tó kù sì tún jókòó sí ọwọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá sí i. Ọṣẹ yẹn dára. Èmi fúnra mi wẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti yá owó páálí, ó ti yá owó ìgò, kò sì lè dúró de ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Ó ti padà sídìí ọjà àpò báyìí, ó ń ta eérú àti àdín fún ẹlòmíràn. Ẹ má bínú sí i.

Òfin ni ìkẹta. Ọ̀pọ̀ wa ń bú òfin ìlú yìí, èmi kì í bú u, mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Òfin ohun ìṣaralóge tó múlẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2013 sọ pé ìpara tàbí ọṣẹ yòówù tí o bá fẹ́ tà, ẹnì kan tó ní àdírẹ́sì níhìn-ín gbọ́dọ̀ wà tó máa dáhùn fún un. Onímọ̀ tó ní ìwé ẹ̀rí gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó kọ ìwé pé kò ní pa ènìyàn lára, kí wọ́n sì fi tó ìjọba létí kí ẹnikẹ́ni tó rà á. Láti ìgbà tí Bìrìtìkó ti kúrò nínú ẹgbẹ́ Yúróòpù, ìforúkọsílẹ̀ ti ibí ti dá dúró, ti Yúróòpù dá dúró. Ẹ gbọ́ ibi tó ti dun ni: ìwé yẹn kì í ṣe fún ọ, fún ọjà ni. Òrí lásán, ìwé kan. Òrí tí o fi òróró efinrin sí, ìwé mìíràn. Òrí tí o fi ẹ̀fọ́n àti ọsàn wẹ́wẹ́ sí nítorí kí ó lè máa ta sánsán, ìwé kẹta. Ọmọ wa kan á ṣe oríṣi méjìlá lọ́jọ́ kan ṣoṣo, á tò wọ́n sórí tábìlì níbi ọdún, wọ́n á dára lójú, kò sì ní lè san owó ìyẹ̀wò méjì nínú wọn.

Bí ó bá wá jẹ́ àgbo tàbí àgúnmu, ẹ má tilẹ̀ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀. Òfin egbòogi ìbílẹ̀ tí Yúróòpù ṣe ní 2004, tó wá múlẹ̀ pátápátá ní oṣù kẹrin ọdún 2011, ní kí ẹni tó fẹ́ forúkọ egbòogi sílẹ̀ fi hàn pé wọ́n ti ń lò ó fún ọgbọ̀n ọdún, kí ọdún 15 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ní Yúróòpù. Ìlò ẹgbẹ̀rún ọdún ní Ifẹ̀ kò ní dí àlàfo ọdún 15 ti ibí. Ta ló ń kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí àwọn ìyá wa ń se àgbo ní Dalston ní 1975? Kò sẹ́ni. Àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà rí ààyè díẹ̀ nítorí òfin 1994 tiwọn gbà kí wọ́n máa ta egbòogi gẹ́gẹ́ bí àfikún oúnjẹ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi lè kọ ọ́ sára ìgò pé ó ń wo àtọ̀gbẹ, wọ́n ti rú òfin nìyẹn. Òfin ìpara tuntun tiwọn ti 2022 sì ti mú kí ìforúkọsílẹ̀ di dandan fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é.

Nígbà tí ọ̀nà bá ṣòro báyìí, àwọn kan máa ń wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Mo ní láti sọ èyí bí ó tilẹ̀ máa bí àwọn kan nínú. Ọ̀nà ẹ̀bùrú àkọ́kọ́ ni irọ́ ara ìgò. Òrí kò wo jẹjẹrẹ. Òrí kò wo làkúrègbé, ó lè jẹ́ kí ọwọ́ tó ń fọwọ́ ra ibẹ̀ yọ̀ dáadáa, ó lè rọ awọ tó ti gbẹ, kò jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi irọ́ sọ ọjà rẹ̀ di olówó iyebíye, ọjọ́ tí ìjọba bá kó ìgò rẹ̀ ni yóò mọ̀ pé orúkọ gbogbo wa ni òun fi ṣeré. Ọ̀nà kejì ni àwọn tó ń po oògùn tó ń bó awọ mọ́ òrí, hydroquinone àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti lé e kúrò nínú ìpara ní Yúróòpù láti 2001, ó sì tún ń bẹ lábẹ́ tábìlì àwọn kan. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ìyẹn, ẹ mọ ara yín.

Ọ̀nà kẹta ló dùn mí jù. Òrí funfun, tàbí kí n sọ pé àwọ̀ rẹ̀ rí bí ti wàrà tó ti pẹ́, ó ń pọ́n díẹ̀ sí àwọ̀ eérú nígbà mìíràn. Òyìnbó kan rí òrí pupa fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ lọ́jà, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó ní èyí ló dára jù. Ọlọ́jà gbọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi egbò tó ń pa nǹkan láró àti epo pupa sí òrí kí ó lè pọ́n, wọ́n á kọ ọ́ sára rẹ̀ pé òrí ojúlówó, owó rẹ̀ á sì ga. Ẹ ti rí i, ó kún Ridley Road. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Ọbàtálá, ẹ ronú sí i. Epo pupa jẹ́ èèwọ̀ Ọbàtálá. Ẹ̀yin ra òrí láti fi bọ ọ́, ẹ sì gbé epo síwájú rẹ̀ láìmọ̀. Ìyàwó òrìṣà kan béèrè lọ́wọ́ mi lọ́dún tó kọjá pé kí ló dé tí òrí rẹ̀ ń sọ aṣọ funfun di pupa. Mo ní kí ó gbé e wá. Mo fi ṣíbí bu díẹ̀ sínú omi gbígbóná, epo léfòó sórí rẹ̀ pupa rẹ́rẹ́. Owó tó san lé e ju ìlọ́po méjì ti funfun lọ.

Nítorí náà, bí wọ́n bá bi mí pé kí ni kí àwọn tó ń ṣe é ṣe, èsì mi kò ní dùn mọ́ àwọn tó fẹ́ di Body Shop lọ́la. Mo ní ẹ má tíì lọ sí ìpara. Ẹ má tíì lọ sí ìgò aláràbarà. Ìpele kan wà láàárín àpò kóró àti ìgò ìpara tí gbogbo wa ń fò kọjá, òun ni òrí tó mọ́. Òrí lásán, tí kò kan, tí kò ní òórùn èéfín, tí kò ní àwọ̀ àlùmọ̀kọ́rọ́yí, tí a mọ abúlé tó ti wá àti oṣù tí wọ́n pò ó. Òrí bẹ́ẹ̀ ti ju kóró lọ fíìfíì ní iye owó, ìwé ìyẹ̀wò kan ṣoṣo ni ó sì nílò. Body Shop fúnra rẹ̀, láti 1994 ni ó ti ń ra òrí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ obìnrin Tungteiya ní àríwá Ghana, kì í ṣe kóró, òrí ni wọ́n ń rà. Ohun tí àwọn obìnrin wọ̀nyẹn kọ́kọ́ ní láti mọ̀ ni bí òrí abúlé kan á ṣe bá ti abúlé kejì mu. Kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń tẹ àmì sára páálí.

Èwu wà níbẹ̀ náà o. Ẹgbẹ́ tó bá ní oníbàárà ńlá kan ṣoṣo, bí oníbàárà yẹn bá húkọ́, gbogbo abúlé á sín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fẹ́ kí ẹgbẹ́ tiwa níhìn-ín jẹ́ oníbàárà kékeré tó dájú. Ṣùgbọ́n àwa ńkọ́? Àwa tí a ń kígbe pé kí ilé-iṣẹ́ ọmọ wa dàgbà, àwa náà ni a ń ná òrí títí tí ẹni tó ń tà á kò fi ní rí owó ọkọ̀. Ẹni tó san pọ́n-ùn méjìlá fún ìpara òyìnbó láìsọ̀rọ̀, á wá bá ìyá àgbà jà lórí pọ́n-ùn mẹ́rin, á ní, "Ẹ̀yin ìyá, ṣebí nílé ni wọ́n ti ń ṣà á lọ́fẹ̀ẹ́?" Lọ́fẹ̀ẹ́ kẹ̀! Ẹ lọ pò ó wò.

Ohun kan tún wà tí n kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Igi òrí kì í ṣe igi tí ènìyàn ń gbìn lónìí kó so lọ́la. Bíi ọdún 15 sí 20 ni ó máa ń lò kí ó tó so dáadáa. Ní Òkè-Ògùn, wọ́n ń gé e ṣe èédú lójoojúmọ́, nítorí pé àpò èédú ń mú owó wá kíákíá ju àpò kóró lọ. Bí òfin bá mú kí owó kóró já, tí kò sì sí ẹni tó ń ra òrí, ẹni tó ni oko kò rí ìdí tí kò fi ní gbé àáké. Nígbà náà, a lè ní ilé-iṣẹ́ tó dára jùlọ láyé kí ó má sì sí ohun tí ẹ̀rọ rẹ̀ á lọ̀.

Ohun tí mo bá àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa sọ nìyí, wọ́n sì ní kí n kọ ọ́ kí gbogbo ilé gbọ́. Kí ilé kọ̀ọ̀kan tó ń lo òrí sọ iye tó ń lò lọ́dún, ti ìbọ àti ti ara pípa. Kí a san ìdajì owó rẹ̀ sílẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ nílé, kí ó lè dé ọwọ́ àwọn ìyá tí à ń bá ṣe ní àsìkò tí oníkóró ń fi owó fa ojú wọn mọ́ra. Kí ẹnì kan nínú wa tó ní àdírẹ́sì àti ìwé níhìn-ín dúró gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń dáhùn fún òrí náà lábẹ́ òfin, kí gbogbo wa sì dá owó ìyẹ̀wò rẹ̀, nítorí pé ẹrù rẹ̀ ti wúwo jù fún ẹnì kan. Oríṣi kan ṣoṣo, òrí funfun, fún ọdún méjì. Lẹ́yìn ọdún méjì, bí ti oṣù kan bá ń bá ti oṣù kejì mu, kí a tó máa sọ̀rọ̀ ọṣẹ.

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ máa sọ pé bàbá ń fa ọ̀rọ̀ sẹ́yìn. Wọ́n ti yà àwòrán ìgò, wọ́n ti wá orúkọ tó dùn. Kí wọ́n tọ́jú àwòrán náà, yóò wúlò. Ní báyìí ná, akọ̀wé wa ní ìwé kan lọ́wọ́ tí ẹ ó máa kọ orúkọ sí lẹ́yìn ìpàdé ọjọ́ Ọ̀sẹ̀ Ifá. Ẹ kọ orúkọ, ẹ kọ iye kìlò, ẹ fi ìdajì owó lélẹ̀ kí oṣù kẹta tó parí. Bí ẹ bá sì ní òrí pupa nílé, ẹ má gbé e síwájú òrìṣà kí ẹ tó fi omi gbígbóná dán an wò.